Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo òdòdó ara rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Aránṣọ ni mí ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn. Ó ti di ọdún 27 tí mo ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwé ìròyìn yín kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí òun ni àwọn oníbàárà máa ń kà bí wọ́n bá ń dúró de aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ka àròkọ yín lórí bí a ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, apá ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa igi ọlọ́nà tí wọ́n ń kàn yí férémù ilẹ̀kùn ká, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní akitiréfù. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí onílé wá èyí tó bá fẹ̀ jù lọ, tí òdòdó ara rẹ̀ sì pọ̀ jù lọ, nítorí pé ojú ilẹ̀kùn ni àlejò kọ́kọ́ ń wò. Ó tún fi kún un pé àṣà òkè òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá ni. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé bí mi ò bá fèsì, ẹlòmíràn á tún fi owó rẹ̀ kọ́ ohun tí èmi ti fi owó mi kọ́.

Ní ọdún 2019 ni a parí ilé wa. Ilẹ̀kùn 8 ló wà nínú rẹ̀: ti pálọ̀, ti yàrá mẹ́ta, ti ilé ìdáná, ti ilé ìwẹ̀ méjì, àti ti yàrá kékeré tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí. Wọ́n ti kun ilé, wọ́n ti tẹ́ táìsì, ó wá ku etí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí mọ ohun tí mò ń sọ. Férémù ti dúró, bíríkìlà ti rẹ́ ògiri dé ibi tó lè rẹ́ ẹ dé, àmọ́ ojú ibi tí igi àti sìmẹ́ǹtì ti pàdé rí wúruwùru, ó sì là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Igi kì í dì mọ́ sìmẹ́ǹtì títí ayé. Igi ń wú, ó ń sún kì, ògiri dúró gbọn-in. Ibi tó là yẹn gan-an ni akitiréfù wà fún. Bí etí aṣọ tí a ká ló rí. Kí òwú má baà tú la ṣe ń ká etí aṣọ, ẹwà rẹ̀ ń tẹ̀lé e ni.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé àpẹẹrẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ń tajà. Èyí tí mo fọwọ́ sí fẹ̀ ní íǹṣì 4, ó funfun báláú, wọ́n tẹ òdòdó àti ewé sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pákó MDF ni, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. "Mọ́mì," ó ní, "èyí ni wọ́n ń lò ní Lẹ́kí báyìí." Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé léèsì wò, mo fi ọwọ́ pa á, ó wù mí. Mi ò mú téèpù. Èmi tí mi ò jẹ́ fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ ẹnikẹ́ni láìwọn èjìká rẹ̀, mo ra ẹ̀wù fún ilẹ̀kùn 8 láìwọn ìkankan nínú wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kàn án ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ sún mọ́ igun ògiri. Láti ojú inú férémù dé igun náà kò ju íǹṣì 3 lọ. Igi oníǹṣì 4 kò lè wọ ibẹ̀. Wọ́n bá fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù lóòró, òdòdó gé sí méjì, ewé di ààbọ̀. Apá kan ilẹ̀kùn fẹ̀, apá kejì tín-ín-rín, bí ẹ̀wù tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti bàbá tí ìkejì jẹ́ ti ọmọ. Ní pálọ̀, súwíṣì iná kò jìnnà sí ojú inú férémù ju íǹṣì 3 àti ààbọ̀ lọ, wọ́n bá gbẹ́ igi náà ní kọ́rọ́ kí súwíṣì lè ráyè. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, bíríkìlà ti rẹ́ ògiri nípọn jù, férémù wá wọ inú ju ojú ògiri lọ pẹ̀lú ìdajì íǹṣì. Etí òde igi nìkan ló sinmi lórí ògiri, etí inú tó yẹ kó jókòó lórí férémù wà lófìfo. Wọ́n fi ìṣó fà á mọ́ ọn tipátipá. Kò pé oṣù kan tí ọmọ kan fi ẹ̀yìn tì í, ó sì là láti òkè dé ìdajì.

Gbogbo ìyẹn kéré sí èyí tí omi ṣe.

Ojoojúmọ́ ni a ń fi omi nu ilẹ̀ nílé wa, bí ọ̀pọ̀ ilé oní-táìsì. Wọ́n sì ti gbé ẹsẹ̀ igi náà kalẹ̀ tímọ́tímọ́ sórí táìsì, ojú ibi tí ayùn ti gé e kò rí ọ̀dà kankan. Láàrin oṣù mẹ́rin, ẹsẹ̀ ti ilé ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo kúnlẹ̀ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wú bí búrẹ́dì tí wọ́n tẹ̀ bọ inú tíì. Ọ̀dà funfun ojú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, òdòdó ìsàlẹ̀ pátápátá ti la ẹnu. Mo fi èékánná àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́, èékánná wọlé ṣinṣin. Ohun tó jáde dà bí gàárì tí omi ti rin, ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n ká sílẹ̀ láìsá. Kí ọdún tó yí po, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ méjèèjì àti ti ilé ìdáná ti jẹrà dé gíga bí íǹṣì 5 láti ilẹ̀. Òkè rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin. Àlejò tó bá wọlé á yin òdòdó, èmi á sì fi ìdí àga bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó kàn án kò gbé ìpè mi mọ́.

Bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nítòsí ọjà pákó Bódìjà ló wá gbà mí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, wọn kò mú ayùn dání rárá. Téèpù, pẹ́ńsùlù, àti okùn kan tí wọ́n so irin mọ́ ìdí rẹ̀ ni wọ́n kó wá. Wọ́n ní kí n bá wọn wá àpótí kékeré kan, wọ́n jókòó síwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n na okùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, wọ́n wò ó bóyá ó dúró tàbí ó fì. Wọ́n fi ọwọ́ ra ojú ibi tí férémù àti ògiri ti pàdé. Wọ́n wọn àlàfo ọ̀tún, wọ́n wọn ti òsì, wọ́n wọn ibi tí súwíṣì wà, wọ́n tún wo bí táìsì tó gun ìdí ògiri ṣe nípọn tó. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ìyá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ àti ilẹ̀kùn pálọ̀ ń wọ aṣọ kan náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbé lọ sílé.

Bàbá ní ilẹ̀kùn tí àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré jù lọ ni kó yan ìbú fún gbogbo ilé. Tiwa ni ti yàrá àwọn ọmọ, oníǹṣì 3 yẹn. Bí a bá kàn án, a kì í gbé etí igi dé etí férémù gẹ́lẹ́. A máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ kí férémù yọ díẹ̀, bí láínìn tó ń yọjú létí kóòtù. Híǹjì á ráyè yí, bí férémù bá sì wọ́ díẹ̀, ojú kò ní tètè rí i. Ojú férémù wa fẹ̀ ní íǹṣì 2. Igi oníǹṣì 2 ì bá kàn fi díẹ̀ bíńtín bo ojú ibi tó là, kò sì tó. Oníǹṣì 2 àti ààbọ̀ gorí ògiri dáadáa, ó sì ṣẹ́ kù fún igun. Ìyẹn la mú. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan tí a ní láti là, kò sì sí súwíṣì kankan tí a gbẹ́ igi fún. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ mú ìbú akitiréfù yín kí oníwáyà tó gbẹ́ ògiri fún súwíṣì, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un. Ó rọrùn láti sún súwíṣì nígbà tí kò tíì sí nínú ògiri.

Ọ̀rọ̀ nínípọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò rí ẹni tó mẹ́nu bà á rí. Bí táìsì ìdí ògiri bá nípọn ju igi lọ, etí táìsì á yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa ha ènìyàn lẹ́sẹ̀, á sì rí bíi bùbá tó gùn ju ìró lọ. Igi ni kó nípọn jù.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ọjà Bódìjà kò ṣàìní. Bàbá mú mi lọ, a jọ rìn láàrin pákó títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Arẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ó rọ̀ láti gé, owó rẹ̀ kò ga, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀, omi sì ń tètè sọ ọ́ di dúdú. Bí ẹ bá máa kùn ún, tí ẹ fún un ní òògùn ikán, tó sì jẹ́ yàrá gbígbẹ ló ń lọ, kò burú. Ọ̀gánwó ń gba ìfági, ojú rẹ̀ ń pọ́n bí epo tó ti pẹ́. Ẹni tó bá máa fi fáńíṣì pa á, tí kò fẹ́ fi ọ̀dà bò ó, ọ̀gánwó ni kó rà. Ìrókò le, ikán kì í fẹ́ ẹ, àmọ́ òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, òkúta gidi tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́. Òpèpè ni Bàbá mú fún ibi tí omi ń dé. A ra ọ̀gánwó fún pálọ̀ àti yàrá, a ra òpèpè díẹ̀ fún ẹsẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí a gé e lọ́jọ́ náà. Wọ́n tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín ìkọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. A ń fò ó kọjá lójoojúmọ́. Mo ní, "Bàbá, ó ti gbẹ o." Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, igi tí ẹ bá gé nígbà òjò, ọyẹ́ ló máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀." Òótọ́ ni. Mo ti rí i nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àdó, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n lẹ̀ dáadáa nínú oṣù Agẹmọ ti ya ẹnu nígbà tí ọyẹ́ dé, a lè ki káàdì bọ̀ ọ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ obìnrin jẹ. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí akitiréfù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 2 àti ààbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn igi tó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 3 lọ. Èyí tó dábùú lókè jẹ́ íǹṣì 41 àti ààbọ̀. Ojú méjì ni ilẹ̀kùn ní, ojú inú àti ojú òde, ẹsẹ̀ 4 àti ìdábùú 2 nìyẹn. Bí igi tí wọ́n ń tà bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jẹ igi kan, ìdábùú méjèèjì á jáde lára igi kan ṣoṣo. Igi 5 fún ilẹ̀kùn kan, 40 fún ilẹ̀kùn 8. Ẹ fi 2 kún un nítorí àṣìṣe. Ọmọkùnrin ìjọ́sí gba owó igi 56 lọ́wọ́ mi, ó sì ní kò tó. Èmi tí mo ń wo ọ̀pá aṣọ 5 tí mo sì mọ ibi tí fìlà á ti jáde lára rẹ̀, mi ò jókòó ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìṣirò á yí: igi 4 ni ilẹ̀kùn kan á gbà, ìṣẹ́kù rẹ̀ á sì pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìṣẹ́kù náà lọ. Ara rẹ̀ ni Bàbá ti ṣe pẹpẹ tí mo ń to òwú lé lórí nísinsìnyí.

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ wo igun.

Àwa aránṣọ mọ igun. Bí a bá fẹ́ fi aṣọ mìíràn lé etí ọrùn onígun mẹ́rin, a ó ṣẹ́ aṣọ náà ní ìlàjì igun, kí ojú rírán lè sáré láti inú dé òde láìfì. Ohun kan náà ni káfíńtà ń ṣe. Igun tó bá gún régé jẹ́ digírì 90, wọ́n á gé igi kọ̀ọ̀kan ní 45, méjèèjì á sì fẹnu kora. Àmọ́ igun wo ló gún régé nínú ilé wa? Bàbá kọ́kọ́ gé ègé igi méjì tí kò wúlò, wọ́n gbé wọn sókè sí igun ilẹ̀kùn, wọ́n pe mí kí n wá wò ó. Ẹnu wọn kan ara lókè, ó là nísàlẹ̀ bí òwú fínrín. Ẹlòmíràn á fi pọ́tì dí i. Bàbá mú ìfági kékeré, wọ́n gbé etí igi náà lé orúnkún, wọ́n fá a lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ sókè, wọ́n tún fá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà kẹta, ó pa dé, mi ò rí òwú kankan mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mú igi gidi, wọ́n sì gé e gẹ́gẹ́ bí ègé yẹn ṣe wí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n parí lọ́jọ́ náà, ojú kan ṣoṣo rẹ̀. Mo fún wọn lówó ọjọ́ pípé, tayọ̀tayọ̀.

Wọn kò fi téèpù wọn ẹsẹ̀. Wọ́n kan ìdábùú mọ́ òkè fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ dúró sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tó ti kan ìdábùú. Ẹ̀yìn igi ni wọ́n kọ́kọ́ kùn kí wọ́n tó kàn án, torí pé ẹ̀yìn ni ọ̀rinrin ògiri ń gbà wọlé. Gọ́ọ̀mù funfun lọ sí ojú igun. Ìṣó aláìlórí oníǹṣì kan àti ààbọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ férémù, ìkọ̀ọ̀kan jìnnà síra bí íǹṣì 14, wọ́n sì fi irin tẹ orí rẹ̀ wọnú. Wọ́n fi díríìlì lu ihò tín-ín-rín síwájú ìṣó tó bá sún mọ́ ẹnu igi, kó má baà là. Lẹ́yìn náà wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú tó jáde lára igi yẹn gan-an, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n fi dí ojú ìṣó. Nígbà tí sáńpépà kọjá lórí rẹ̀, mo wá ojú ìṣó títí, mi ò rí i. Ní ti férémù ilé ìdáná tó wọnú, wọ́n fá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìdajì íǹṣì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí férémù kí ó lè bá ògiri dọ́gba kí wọ́n tó kan ohunkóhun lé e. Ẹni tí bíríkìlà rẹ̀ kò bá tíì rẹ́ ògiri tán, kó mú un lọ wo férémù báyìí.

Ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dé ńkọ́? Ní ilé ìwẹ̀ méjèèjì àti ilé ìdáná, akitiréfù kò dé ilẹ̀ mọ́. Bàbá gbé búlọ́ọ̀kù òpèpè kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ga ní íǹṣì 6, ó nípọn ju akitiréfù lọ díẹ̀, ojú rẹ̀ dán láìní ọnà kankan. Wọ́n rì ìdí rẹ̀ bọ inú ọ̀dà nígbà mẹ́ta, ó ń gbẹ láàrin ìgbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e kúrò lórí táìsì díẹ̀, bí ìnípọn páálí, wọ́n sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí àlàfo yẹn kí omi má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún tí òpèpè náà sì bàjẹ́, búlọ́ọ̀kù nìkan ni a ó yọ, igi gígùn òkè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Mo máa ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ń nu ilẹ̀. Èékánná kì í wọlé.

Ní ti òdòdó, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀ṣọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀ṣọ́, iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ ẹ rántí eruku ọyẹ́. Ọnà tó jinlẹ̀ tó sì dí ń gba eruku sínú, àkísà kò lè dé ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ń ha tèmi nígbà náà. Ilà gbọọrọ méjì tàbí mẹ́ta tó sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti tó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó dandan, kó fi búlọ́ọ̀kù olódòdó sí igun òkè méjèèjì, kí igi gígùn wọlé sí i ní tààrà. Ọ̀nà yìí tún dára fún ilé tí igun rẹ̀ wọ́, torí kò sí igun tí a ó máa fá níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé àṣà òkè òkun ni. Èyí dùn mí jù. Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun ni àtẹ́rígbà, igi tó dábùú lókè ẹnu ọ̀nà? Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbẹ́ àtẹ́rígbà tó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, àwọn British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí níbẹ̀, sì rí i, wọn kò fẹ́ kó padà sílé mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí dòní. Ẹni tó gbẹ́ àtẹ́rígbà bẹ́ẹ̀, ṣé a lè sọ pé kò mọ̀ pé etí ilẹ̀kùn yẹ fún ọ̀ṣọ́?

Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsílì náà ńkọ́? Ìyá ìyá mi gbé ní Kámpọ̀sì, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe ọnà yí ẹnu ọ̀nà ilé náà ká, ó tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ lókè bí òṣùmàrè, ewé sì wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń ki ìka bọ inú ilà rẹ̀ tí mo bá ń dúró kí wọ́n bá mi ṣílẹ̀kùn. Ó tutù nígbà gbogbo, kódà lọ́sàn-án gangan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tán lọ. Ilojo Bar tó wà ní gbàgede Tinúbú, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì kéde ní ọdún 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2016. Àwọn tó ṣe ọnà ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ṣe é ní orí àkàsọ̀, kò sí páálí tí wọ́n ti mú un jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa pé a kò ní irú rẹ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí Bàbá wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ní àwọn 6 ni àwọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù sọ́dọ̀ tiwọn báyìí, ọmọ náà sì ń múra àtifi ọ̀kadà ṣiṣẹ́. Ẹ rán oníròyìn yín lọ sí Bódìjà. Kó jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, kó ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń fá igun, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sójú ewé tí ẹ fi tẹ àròkọ ìjọ́sí.

Bí owó ṣe ń wọlé ni a ń ṣe tiwa, ilẹ̀kùn méjì-méjì lọ́dún. 7 ti parí. Ti yàrá tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí ló kù, ọ̀gánwó rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, nínú òjò oṣù Ọ̀wàrà. Bàbá wá yẹ̀ ẹ́ wò lánàá. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n kan án ní ìka, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sórí àwọn tó kù. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án títí ọyẹ́ yóò fi dé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì Aránṣọ,
Akóbọ̀, Ìbàdàn.